Orúkọ Tí Ìnàkí Sọ Ajá Ọdẹ Rẹ̀

Àlọ́ o! Ẹ gbè é sókè. Àlọ́ o! Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé Ìnàkí, tó ṣèlérí àparò fún àna rẹ̀, tó wá ń yan ajá ọdẹ.

Ó kọ́kọ́ mú ẹlẹ́sẹ̀ gíga. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Nítorí Ìmàdò, aládùúgbò rẹ̀, Ìnàkí sọ ajá náà ní Ojú-Ń-Tì-Wọ́n. Bí ajá ṣe gbóòórùn àparò nínú igbó, Ìnàkí figbe ta kí Ìmàdò lè gbọ́ nílé. Ẹ gbè é:

Ojú-Ń-Tì-Wọ́n, máa bọ̀!
*Fìrì, àparò ti lọ!*

Ìnàkí ní ajá náà ò dáa. Ó mú onímú gígùn, ó sọ ọ́ ní Wọn-Ò-Tó-Mi.

Wọn-Ò-Tó-Mi, máa bọ̀!
*Fìrì, àparò ti lọ!*

Ìkẹta, elétí wọ̀ọ̀, rí àparò, ó dúró jẹ́ẹ́, ó gbẹ́sẹ̀ kan sókè. Ó rọra ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí. Ajá mẹ́ta lẹ ti yàn, ẹnu kan náà lẹ fi ń pè wá."

Inú bí Ìnàkí, ó figbe ta: "Èmi lò ń bá wí, Kí-Ló-Kàn-Wọ́n?"

*Fìrì, àparò ti lọ!*

Iṣu alépo ni àna jẹ.

Ẹ̀ ń fi Ìnàkí rẹ́rìn-ín? Ta ló ń ké "Ẹ-Jẹ́-Ó-Dùn-Wọ́n!" lẹ́bàá ògiri Ìyá Àṣàkẹ́, aládùúgbò mi, láràárọ̀? Ajá ọdẹ kẹrin tí mo yàn nìyẹn.

Àlọ́ mi ti bà sílẹ̀. Ẹ wá jẹ iṣu. Epo wà níbẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ẹran.