Ọ̀nà Kòtò Amọ̀

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Awẹ̀ró. Láògún ni ọkọ rẹ̀, Ìbídùn sì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un. Bí ọbẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, Láògún á na Awẹ̀ró. Bó bá tètè jinná, á ní ta ló ń kánjú lọ rí, á tún nà án.

Awẹ̀ró gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ilé ọkọ. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù, wọ́n ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo ló wà lẹ́nu kùmọ̀? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ gbà kí wọ́n fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ tirẹ̀!

Láògún mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Awẹ̀ró ọkùnrin máa ń kó iṣu wá sọ́jà láti ìlú wọn. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń fi Ìbídùn sọ́dọ̀ ìyá tó bí òun Láògún, kí Awẹ̀ró má baà gbé e lọ. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu lẹ́bàá ọ̀nà, á máa fọ́nnu pé, "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà láti ìlú yìí, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé. Kó sá lọ ká wò ó!" Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ẹmu á sì máa rẹ́rìn-ín. Ojú ò tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, apá Awẹ̀ró wú débi pé kò lè po amọ̀. Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, olórí àwọn amọ̀kòkò, wò ó, inú bí i.

"Ṣé o fẹ́ kúrò níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ kúrò, ìyá mi, ṣùgbọ́n n ò lè fi ọmọ sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé kí n sọ fún ọkọ mi pé mo ń lọ."

"Má dán an wò! Ẹni tó fẹ́ kúrò lẹ́nu ẹkùn kì í dágbére fún ẹkùn. Máa se ọbẹ̀ rẹ, má jẹ́ kó fura."

Láti ọjọ́ náà, Awẹ̀ró ń ki aṣọ tirẹ̀ àti ti ọmọ sínú ìkòkò tuntun díẹ̀díẹ̀, ó ń fi koríko bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rù ú kọjá níwájú Láògún, wọ́n tilẹ̀ ń kí i pé ó kú ìgbádùn, wọ́n sì ń kó ẹrù náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jà.

Èèwọ̀ ni fún ọkùnrin Òkè-Amọ̀ láti dé kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Bí ọmọbìnrin bá sì ti ń rìn dáadáa, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un lọ síbẹ̀ kó fọwọ́ kan amọ̀. Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dá ọjọ́ ti Ìbídùn sí ọjọ́ ọjà. Ìyá Láògún pàápàá ló wẹ̀ fún ọmọ náà, tó sì fà á lé Awẹ̀ró lọ́wọ́, nítorí amọ̀kòkò lòun náà.

Bí Ìbídùn ti fọwọ́ kan amọ̀ tán, Awẹ̀ró pọ̀n ọ́n. Ó la odò kékeré tó wà lẹ́yìn kòtò kọjá. Ẹ̀yìn ìsọ̀ oníṣu lọ́jà ló yọ sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti di ẹrù sílẹ̀.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́jà kan tó ń bọ̀ wá sọ fún Láògún pé òun rí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó lọ.

"Irọ́! Ibo ló gbà? Èmi ni mo jókòó sójú ọ̀nà!"

Ó gbé kùmọ̀, ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà kòtò amọ̀, níbi tó mọ̀ pé wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́, kò lè kọjá. Àwọn àgbà tí ọgbẹ́ Awẹ̀ró kò dùn rí náà sáré dé, wọ́n ń bèèrè ẹni tó tú ilé ká.

Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dìde. "Ẹ̀yin tún lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ẹni tó gbé kùmọ̀ dání yìí ló tú u ká! Láògún, láti ayé ìyá ìyá wa la ti ń gba ibí yìí dé ọjà. O ò bèèrè rí, nítorí ọ̀nà tí ìwọ ń gbà nìkan lo kà sí ọ̀nà."

Awẹ̀ró ti sún mọ́ ìlú wọn nígbà náà. Ìbídùn ti sùn sí i lẹ́yìn, amọ̀ ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.