Ẹ̀gẹ́ Tí Òkété Fi Pamọ́

Àlọ́ mi já, ó fo ẹni tó yó, kò dúró ti ẹni tó ń yán, àárín ebi ló bọ́ sí.

Ebi ọdún náà, ẹ má bi mí. Òjò kọ̀, èso tán lórí igi, isu tán nínú ilẹ̀. Ẹkùn tí í bú ramúramù tí igbó á dákẹ́ wá ń bú bí ẹni tí oorun ń kùn. Oúnjẹ kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gẹ́ kíkorò tó hù bí igbó nínú oko kan tí ọmọ aráyé ti pa tì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì, ojú rẹ̀ á máa pòòyì. Àwọn kan jẹ ẹ́, wọn kò dìde mọ́.

Àparò, abiyamọ tí aṣọ rẹ̀ kì í mọ́, ń gbé létí odò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí ẹ̀gẹ́ kan tó ti já sódò, tó sì ti wà níbẹ̀ títí ó fi rọ̀. Ebi kò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣá a jẹ, ó sì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ń retí ikú. Ikú kò wá. Omi ti fa púpọ̀ nínú oró ẹ̀gẹ́ náà jáde.

Òkété, aládùúgbò rẹ̀, yọ imú láti inú ihò. Òkété yìí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì sọ.

"Ìyá àwọn ọmọ, ta ló tún ti mọ̀ nípa èyí?"

"Ìwọ nìkan. Mò ń lọ ké sí gbogbo igbó báyìí."

Òkété káwọ́ lérí. "Ṣé orí ẹ pé? Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. O wá rí ebè, dípò kí o gùn ún, o ń wá ẹni tí yóò bá ẹ tú u ká! Bí Ọ̀bọ bá gbọ́, yóò ní òun ló dá a sílẹ̀."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni Àparò wí. "Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ mi ṣì ń pòòyì díẹ̀. Ìdajì ọgbọ́n ló wà lọ́wọ́ mi. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí n kò mọ̀. Bí n kò bá sọ tèmi, báwo ni onítọ̀hún yóò ṣe sọ tirẹ̀ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn," ni Òkété wí, ohùn rẹ̀ ń kán bí oyin. "Jẹ́ kí n lọ múra, kí n lè wá bá ẹ pe àwọn ẹranko."

Ó sì lọ múra lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Erin ló gbà lọ. Ó bá Erin àti Ẹkùn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn ẹni tí yóò kọ́kọ́ kú. Òkété dọ̀bálẹ̀, ìrù rẹ̀ pàápàá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, mo ti rí ọ̀nà tí ẹ̀gẹ́ kíkorò fi lè ṣe é jẹ."

"Sọ ọ́," ni Ẹkùn wí.

"Háà, bàbá! Irú ọgbọ́n yìí, bí a bá sọ ọ́, fífò ló ń fò lọ. Ẹ ṣáà bá mi hú ẹ̀gẹ́, ẹ kó o sínú ihò mi, kí ẹ fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà. Èmi á máa bá ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́, ẹ má ṣí i. Iwin ebi máa ń fi ohùn mi bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá dá a lóhùn, inú rẹ̀ ni yóò kó sí."

Erin ronú. Orí ńlá, ẹ mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ó ní, "Ó bọ́gbọ́n mu."

Bẹ́ẹ̀ ni Erin di ẹni tí ń hú ẹ̀gẹ́, Ẹkùn tí gbogbo ẹran ń sá fún sì di alárù. Òkété da omi sínú ihò, ó ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ tèèpo tèèpo. Nígbà tí Erin ti fi òkúta dí i mọ́nú ihò, ó fi amọ̀ dí gbogbo ojú ihò kéékèèké, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú. Èrò rẹ̀ ni láti jẹ inú ẹ̀gẹ́ tán, kí ó wá fi èèpo ṣe ìpín àwọn àgbà.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Àparò ti kó àwọn ẹranko jọ sétí odò, ó sì sọ gbogbo ohun tó mọ̀.

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. "Omi? Ìyẹn náà lọgbọ́n?"

Ṣùgbọ́n Ọ̀yà tẹ̀ síwájú. "Ìyá, inú èèpo ni oró pọ̀ sí jù. Eyín mi ló kọ́ mi. Ẹ kọ́kọ́ bó o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ké láti orí igi, "Kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì sá a sóòrùn!"

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Àparò jẹ ẹ́, ojú wọn sì wálẹ̀. Ọ̀bọ jẹ tirẹ̀ yó, ó nu ẹnu, ó sáré lọ sí igbó kejì, ó ní òun ló dá a sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní oúnjẹ Ọ̀bọ níbẹ̀, tí wọ́n ń kọrin yìn ín.

Ó dun Àparò. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún wọ eegun. Ó fajú ro títí di ọ̀sán. Nígbà náà ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, èyí tí kò lè nàró lánàá, sáré kọjá níwájú rẹ̀, ó ń lé tata. Àparò dìde, ó di ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ó ní òun yóò gbé díẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá sétí odò.

Ní ẹnu ihò Òkété, nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé kì í rùn bí òdòdó.

"Erin," ni Ẹkùn wí, "Òkété ti kú."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Fa imú ẹ."

Erin fa imú. Ẹ sì mọ bí imú náà ṣe gùn tó. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lu Ẹkùn. "Ó ti ń rà! Áà, ẹni rere kì í pẹ́ láyé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa iyẹ̀pẹ̀ lé òkúta náà lórí, kí wọ́n lè sin olóògbé pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Òkété wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀gẹ́ tèèpo tèèpo ti mú un níkùn, òórùn ti gba ihò, afẹ́fẹ́ ti ń tán. Ó lu òkúta. "Ẹ ṣí i! Èmi ni!"

"O gbọ́?" ni Ẹkùn wí. "Iwin ebi nìyẹn."

"Ohùn rẹ̀ mà jọ ti Òkété o."

"Ó ti sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni olóògbé."

Erin sọ iyẹ̀pẹ̀ sí i. Òkété wá fi gbogbo èémí tó kù ké. "Kì í ṣe èmi ni mò ń rùn, ẹ̀gẹ́ ni! Omi ni ọgbọ́n náà! Ẹ rẹ ẹ́ sómi! Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, mo ti sọ ọ́, ẹ gbà mí!"

Ọgbọ́n tí a kì í sọ lẹ́nu, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo igbó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ̀ láti gbọ́.

Ibẹ̀ ni Àparò bá wọn. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣí i. Mo mọ ohùn aládùúgbò mi."

"Bí iwin ebi bá kó sí wa nínú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tí ẹ rù tó báyìí? Ó ti wọlé tipẹ́." Ó na ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sí wọn. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ èyí."

Wọ́n jẹ. Wọ́n wo ara wọn: ọgbọ́n tí Òkété fi pamọ́ fún wọn ti wà lọ́wọ́ Àparò. Erin fi ìbínú ti òkúta kúrò. Òkété wọ́ jáde, ojú rẹ̀ ń pòòyì, ó bì sí ẹsẹ̀ Ẹkùn. Àparò fi ewé fẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì fún un ní ẹ̀gẹ́ kan. Òkété tọ́ ọ wò.

"Kí ló dé tí tiyín fi dùn?"

"A bó o," ni Àparò wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àwa la sọ fún ara wa."

Ẹkùn ní òun yóò pa á jẹ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó súnmọ́ ọn. Erin ló dájọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà, títí òjò yóò fi rọ̀, Òkété ni yóò máa bó ẹ̀gẹ́ tí òun yóò jẹ. Ẹ sì mọ bí Erin ṣe ń jẹun.

Ọgbọ́n tí a sọ síta, ẹlòmíràn lè jí orúkọ rẹ̀ gbé lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a dí mọ́lé, rírà ni yóò rà mọ́ ẹni lára.

Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyí, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹni tó bá mọ èyí tó kù, kó bá wa sọ ọ́.