Ọ̀ṣúndínà, Aṣọ́lé Tó Jẹ́rìí Ta Ko Ara Rẹ̀

Ọdún tí èéyi wọ ìlú Ìrámọ̀gbà, kò sí agboolé tí wọn kò ti sunkún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo òrùlé, ara àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń gbóná bí ààrò. Bí wọ́n ti ń sin ọ̀kan ní Òkè ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún òmíràn ní Ìsàlẹ̀. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù lọ wà ní ibùsọ̀ méjìlélógún, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Ìjọba wá ránṣẹ́ pé òun yóò fún ìlú náà ní nọ́ọ̀sì kan àti oògùn, bí wọ́n bá lè kọ́ ilé tí nọ́ọ̀sì yóò máa lò kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí òjò bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ìlú mìíràn ni nọ́ọ̀sì náà ń lọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣòro fún ìlú tó kún fún alágbára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìrámọ̀gbà nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí iná ń jó aṣọ rẹ̀ tó ṣì ń bá aládùúgbò jiyàn ni.

Apá méjì ni ìlú náà pín sí, Òkè àti Ìsàlẹ̀, ìjà wọn sì ti pẹ́ ju ọjọ́ orí àwọn tó ń jà á lọ. Àwọn ará Òkè ní baba ńlá àwọn ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi tí baba yín mu lọ́jọ́ tó dé, igbá ta ló fi bù ú? Nítorí igbá yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nọ́ọ̀sì. Bí Òkè bá gbẹ́ ẹ sọ́dọ̀ tiwọn, Ìsàlẹ̀ á dí i. Bí Ìsàlẹ̀ bá gbẹ́ tiwọn, Òkè á dí i padà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tó wà nílùú náà kò gbẹ́yìn nínú ìwà yìí: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ wà ní Òkè, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgbẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kì í sì í ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹnì kan náà.

Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ ni Ọ̀ṣúndínà Àkànbí wà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ti gbéyàwó, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọdé níwèé fún ọdún méje kó tó ráyè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀ṣúndínà gíga-gíga, ọmọ Arówóyè, ọlọ́wọ́ gbọọrọ bí ọ̀pá aṣọ́nà! Aṣọ́lé tí í gba bọ́ọ̀lù bí ẹni gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí! Ọkùnrin tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé bó bá dákẹ́, àwọn aláriwo á wò ó lójú. Ní oṣù tí èéyi le jù, ó gbé Àbẹ̀ní ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, pọ̀n bí obìnrin, ó sì forí lé ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní ibùsọ̀ kẹrìnlá ni ọmọ náà dákẹ́ sí i lẹ́yìn. Kò tètè mọ̀. Ó ṣì rìn díẹ̀ sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́yìn tí wọ́n sin Àbẹ̀ní. Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ ní òun nìkan. Kò sí ọ̀dọ́ Òkè tó dá irú rẹ̀ láṣà rí. Nínú oko iṣu Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgbẹ̀ ló ti bá Àjíbóyè, balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, tó ń kọ ebè.

Àjíbóyè gbé ọkọ́ lé èjìká. "Ọmọ Òkè, ṣé o ṣìnà ni?"

"N ò ṣìnà. Bọ́ọ̀lù ni mo wá pè yín sí."

"Ẹ̀yin wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé nǹkan tó wúwo ju ṣọ́ọ̀kì lọ rí?" Àjíbóyè bú sẹ́rìn-ín.

"Àwa náà ni. Gbọ́ mi ná. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wòran, kó ru òkúta kan wá láti etí odò. Òkúta yẹn la máa fi kọ́ ilé nọ́ọ̀sì. Apá tó bá borí, ọ̀dọ̀ wọn la máa kọ́ ọ sí. Apá tí wọ́n bá nà, wọn ò gbọdọ̀ dí ìpìlẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ kó òkúta wọn padà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àjíbóyè. Òun náà ti sin àbúrò kan lóṣù yẹn. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó ní, "Tó bá jẹ́ àwa la nà yín ńkọ́? Ṣé ẹ óò gbà?"

"Bí ẹ bá nà wá, èmi fúnra mi á ru òkúta wá sílẹ̀kùn yín."

Àwọn àgbà apá méjèèjì gbọ́, wọ́n gbà, nítorí kálukú wọn ló dá lójú pé òun ni yóò borí. Ìwà wọn yìí gan-an ló sì gbé iṣẹ́ náà ró. Nígbà tí Òkè rí i pé òkìtì òkúta Ìsàlẹ̀ ń ga, wọ́n padà sódò lọ ru ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí Ìsàlẹ̀ rí i pé Òkè padà, arúgbó wọn pàápàá gbé òkúta karí. Kí ọjọ́ eré tó pé, òkìtì méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ga ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ìwà yìí kan náà ló mú wọn ṣe àṣìṣe kan. Wọ́n ní kí wọ́n yan àwọn tí yóò dúró máa ṣọ́ ìlà. Òkè ní ojú ará Ìsàlẹ̀ kò lè ríran òótọ́. Ìsàlẹ̀ ní ti Òkè ló burú jù. Bí wọ́n ṣe fi ìlà sílẹ̀ láìsí olùṣọ́ nìyẹn. Àlejò kan ṣoṣo, Ọ̀gbẹ́ni Dọ̀sùmú, olùkọ́ láti ìlú mìíràn, ni wọ́n fún ní fèrè. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn òpó góòlù, eérú ni wọ́n sì fi fa ìlà.

Eré náà le. Òkè kọ́kọ́ jẹ góòlù kan, Ìsàlẹ̀ san án padà, ariwo sì gba gbogbo ìlú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè ìkẹyìn dún, Àjíbóyè já ara rẹ̀ gbà láàárín ẹni mẹ́ta, ó sì ta bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú gbogbo agbára ẹni tó ń kọ ebè. Ọ̀ṣúndínà fò. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó hán an, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Eruku sọ, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, ó ti yí síwájú, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dọ̀sùmú sáré dé, ó wò, ó fọwọ́ júwe pé kí eré máa lọ. Òkè hó yèè!

Ọ̀ṣúndínà nìkan ló mọ̀. Nígbà tó wà nílẹ̀ nínú eruku, ìlà eérú ló fi àyà lé, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìlà, odindi. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù kẹrin. Bí Òkè bá borí, ilé nọ́ọ̀sì kò ní ju ilé kẹta sí tirẹ̀ lọ, kò sì tún ní sí ẹni tí yóò pọn ọmọ rìn ní ibùsọ̀ kankan. Kí ó ṣáà ta bọ́ọ̀lù náà jáde ni, eré á ṣì wà ní ọ̀mì, Òkè á sì tún láǹfààní láti borí. Ìfẹ́ ọmọ ń fà á, ó fà á gidigidi, kò sì sí baba tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ó rántí pé òun lòun ní kí ìlú gba ohun tí pápá bá sọ. Pápá sì ti sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni ó sọ ọ́ fún.

Ó dìde, ó nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Góòlù ni."

Ọ̀gbẹ́ni Dọ̀sùmú rò pé etí òun ló ń ṣe òun. "Kí lo wí?"

"Mo ní ó wọlé."

Ọ̀gbẹ́ni Dọ̀sùmú fọn fèrè góòlù. Olóyè Àgbọọlá, olórí Òkè, ló kọ́kọ́ kígbe. "Ọ̀ṣúndínà! O tà wá! O tà wá fún Ìsàlẹ̀!" Fèrè ìkẹyìn kò tíì dún tán tí àwọn ará Òkè fi ya bo òkìtì wọn, tí wọ́n ń gbé òkúta wọn padà sórí. Àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ náà ń wá igi tí wọ́n máa fi jà. Òótọ́ dọ́jà, ó fẹ́ kùtà.

Ọ̀ṣúndínà sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ó na ọwọ́ gbọọrọ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́lé, ó sì gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin baba mi, ẹ̀yin ìyá mi, n kò ní dá yín dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbé òkúta rẹ̀ lọ, kó gbé e. Ṣùgbọ́n kó gba iwájú mi kọjá, kó sì dárúkọ ọmọ kan tó wà nílé rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ ọmọ tó fi òkúta náà dù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá tèmi. Àbẹ̀ní. Ibùsọ̀ kẹrìnlá ló kú sí. Èwo ló jìnnà jù, ibùsọ̀ kẹrìnlá àbí Ìsàlẹ̀? Bí ilé náà bá wà ní Ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi ì bá wà láàyè!"

Olóyè Àgbọọlá, alágídí bí ìbaaka, ló kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta lórí.

"Ẹ dárúkọ, bàbá."

Àgbà náà la ẹnu. "Àyọ̀ká," ó wí. Ọmọọmọ rẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ló kù nínú mẹ́ta. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sọ òkúta náà kalẹ̀, kò sì gbé e lọ sílé. Ó yí padà, ó forí lé ọ̀nà Ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ ọmọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ rí Òkè tó ń ru òkúta bọ̀ wá bá wọn, igi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àjíbóyè sáré lọ gba ẹrù lórí Olóyè Àgbọọlá, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n kan páànù rẹ̀ tán ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nọ́ọ̀sì dé. Nígbà tí oṣù pé, Wúràọlá rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀, ó bí ọmọkùnrin kan níbẹ̀, àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ ló sì gbé omi gbígbóná fún un.

Láti ọdún náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì ti ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Òkúta ìwọlé ti kọ́ yàrá ìgbẹ̀bí, ó ti kọ́ kànga méjì àti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Pápá náà ti ní àwọ̀n báyìí, ó ní olùṣọ́ ìlà. Síbẹ̀, nínú eré yìí nìkan, rẹfirí kì í fọn fèrè góòlù àfi bí aṣọ́lé tí wọ́n gbá a wọlé fún bá nawọ́ sókè fúnra rẹ̀. A kò tíì gbọ́ èyí tó purọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé òkúta kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìdárúkọ ọmọ kan. Àwọn méjì ló máa ń gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀, ọmọ Òkè kan àti ọmọ Ìsàlẹ̀ kan, wọ́n a sì jọ dárúkọ náà pọ̀: Àbẹ̀ní.