Kọ̀ǹpútà Apirọrọ

Ìyá Àgbà ń sọ ìtàn ayé rẹ̀, Ìbídùnní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń lo ètò Línúsì. Oorun ọ̀sán gbé àwọn méjèèjì lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Nígbà tí Ìbídùnní jí, tó sì jí kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀rọ náà ń kùn yùn-ùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò tíì fi ìtàn náà pamọ́ sínú rẹ̀, ló bá ń fọwọ́ lù ú.

"Má lù ú mọ́," ni Ìyá Àgbà tí ariwo náà jí wí. "Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Wo ojú rẹ̀ dáadáa."

Ìbídùnní tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọ̀rọ̀ ń léfòó níbẹ̀ bí ẹja nínú odò! Ó tẹ bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀, ojú là. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni: "Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kúrò nílé..."

"Ìyá Àgbà, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ìyá Àgbà ti dijú, ó ń hanrun, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìbídùnní rọra pa tọ́ọ̀ṣì.