Okùn Tó Gba Ojú Fèrèsé

Nígbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ ohun àpéwò ní ìlú Ìsẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọláìtán. Káfíńtà ni, orí òrùlé ló sì ti ń jẹun: òun ló ń kan páànù sí ilé àwọn tó bá rówó kọ́lé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àṣàbí, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Tìmùtìmù ni Àṣàbí ń rán tà, iṣẹ́ náà ló sì fi bọ́ àbúrò rẹ̀ títí tó fi di géńdé.

Ìsẹ́rẹ́ àti ìlú kejì wọn, Àdówà, ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìlú kọ̀ọ̀kan a yan ẹnì kan tí yóò gun àpáta kan tó wà ní Àdówà. Kò sí okùn, kò sí àkàsọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán ni. Àpáta náà kò ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń dán, ó sì yọ ikùn síta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan aṣọ funfun tó wà lókè ló borí fún ìlú rẹ̀. Nítorí pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè yọ̀, wọ́n máa ń tẹ́ tìmùtìmù sí ìdí àpáta, ìlú kọ̀ọ̀kan á sì gbé tirẹ̀ wá. Márùn-ún ni ti Ìsẹ́rẹ́, Àṣàbí ló sì rán gbogbo wọn. Ó fi òwú àràbà kún inú wọn, ó fi aṣọ àpò bò wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹní, ó sì ga dé orúnkún. Tí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀, ẹni tó já láti òkè á kàn rì sínú òwú ni, á dìde, á gbọn ara rẹ̀ nù.

Orí ni wọ́n fi ń ru tìmùtìmù wọ̀nyí lọ sí Àdówà látọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Olóyè Ládèjọbí ra mọ́tò, wọ́n sì tìtorí mọ́tò fi í ṣe alága àwọn tó ń lọ. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù náà sórí mọ́tò òun. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Èmi náà kò lè bá wọn wí nítorí ìyẹn, ọ̀nà jìn, ọrùn sì ń ro àwọn tó ń rù ú.

Ọláìtán gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn lọ ní ọjọ́ kan, kí ó lè fojú wo àpáta dáadáa. Kí ó tó lọ, ó pe Búsàrí, awakọ̀ Olóyè, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe di ẹrù náà. Ó ní òwú kò wúwo, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ gba orí tìmùtìmù kọjá, kí ó wọ ojú fèrèsé ọ̀tún, kí ó gba inú mọ́tò jáde ní ojú fèrèsé òsì, kí Búsàrí yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó ta á ní kókó. Bí ó bá ti so ó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò kò ní ṣeé ṣí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ojú fèrèsé ni yóò gbà. Búsàrí rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kókó tán ni Olóyè jáde nínú agbádá sányán tí wọ́n fi igi lù títí tó fi ń kọ mànà. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́tò, kò ṣí. Ó tún un fà. Búsàrí ṣàlàyé fún un. Olóyè wo fèrèsé, ó wo ikùn ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Búsàrí, ṣé olè ni mí?"

"Rárá o, Olóyè."

"Ta ló ń gba ojú fèrèsé wọlé?"

Olóyè ní òun kò lè dé Àdówà kí òun máa fi ìdí jáde lójú fèrèsé níṣojú ọba wọn. Ó ní kí Búsàrí tú okùn náà, kí ó so ó mọ́ irin iwájú àti irin ẹ̀yìn mọ́tò, kí ó fi ilẹ̀kùn òun sílẹ̀. Búsàrí bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹrù náà kò ní í dúró. Olóyè bi í léèrè ẹni tó ni mọ́tò. Bí wọ́n ṣe tú okùn nìyẹn.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Agbádá tó rún, a lè fi áyọ́ọ̀nù tún un ṣe. Ẹsẹ̀ tó rún ńkọ́?

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí orí afárá tó wà láàárín ọ̀nà, afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ẹrù náà. Tìmùtìmù kan gbéra lórí mọ́tò, ó fò, ó di inú odò. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń mu omi, tó sì ń rì lọ. Búsàrí ní kí àwọn padà sílé, ó ní Àṣàbí kò ní ṣaláì ní òmíràn nílẹ̀. Olóyè ní àwọn yóò pẹ́. Wọ́n tún okùn so bákan náà, wọ́n sì ń bá a lọ.

Ní Àdówà, Olóyè ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, agbádá rẹ̀ kò rún, gbogbo ènìyàn sì ń kí i. Ohun tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ó wá ku títẹ́ tìmùtìmù. Mẹ́rin kò lè kún ibi tí márùn-ún ń kún. Ojú sì ń ti Olóyè láti sọ pé ẹrù tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò sọnù rí, mọ́tò òun ló gbé e sọnù. Ó ní kí Búsàrí fẹ̀ wọ́n síra, kí ó sì fi tapólì ńlá kan bo gbogbo rẹ̀, kí ó lè dà bíi pé wọ́n pé.

Búsàrí rọra sọ pé, "Olóyè, àlàfo wà láàárín."

"Ṣé Ọláìtán máa ń já ni? Ọdún kẹta rè é tó ti ń gùn ún, kò já rí."

Nítorí iṣẹ́ rẹ̀, Búsàrí tẹ́ tapólì náà. Ọláìtán kò mọ nǹkan kan. Inú ilé ni ẹni tí yóò gun àpáta máa ń wà títí wọn yóò fi pè é, bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Nígbà tó jáde, ó rí i pé ilẹ̀ ti bò, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti gùn dé ìdajì kí Àṣàbí àti àwọn obìnrin tó fẹsẹ̀ rìn tó dé. Àṣàbí rí tapólì, ó béèrè ẹni tó bo tìmùtìmù òun àti ohun tó fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la èrò kọjá lọ síbẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ Ọláìtán kan aṣọ funfun ni ìka rẹ̀ yọ̀. Ká ní ó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ni, ìbá fi èékánná rọ̀ mọ́ àpáta. Ṣùgbọ́n ó gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tú ara sílẹ̀, ó sì já. A kò gbọ́ ìró òwú. Ìró eegun la gbọ́.

Àṣàbí sáré dé ibẹ̀, ó ká tapólì kúrò. Òkúta lásán ló wà lábẹ́ àbúrò rẹ̀, tìmùtìmù méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n mọ́ tónítóní.

Oṣù mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú, kò sì lè gun òrùlé mọ́ láéláé. Iṣẹ́ tó mọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olóyè wá kí i, ó ní kí wọ́n gba kámú, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Àṣàbí ní, "Olóyè, ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ọlọ́run kọ́ ló tú okùn."

Ó mú ẹjọ́ lọ sí ààfin ọba Ìsẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni Búsàrí ti sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Olóyè, kò sẹ́.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi rò ó. Ṣé kí èmi tí mo joyè máa gba ojú fèrèsé wọ mọ́tò tí mo fowó ara mi rà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn ìjòyè kan mi orí sí i! Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti kán, wọ́n ń ro ti agbádá. Ọláìtán tẹ ọ̀pá, ó dìde.

"Kábíyèsí, ká ní Olóyè ni yóò gun àpáta náà ni, wọn ìbá gba ojú fèrèsé. Ká ní ojú abẹ́rẹ́ ni, wọn ìbá gbà á."

Kò sẹ́ni tó mi orí mọ́. Ọba pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé láti òní lọ, ọwọ́ ẹni tí yóò gun àpáta nìkan ni yóò máa kan okùn, ẹni tó bá sì fẹ́ bá ẹrù lọ yóò gba ibi tí okùn bá fi sílẹ̀ fún un. Ó ní Olóyè Ládèjọbí yóò bá wọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀, mọ́tò rẹ̀ náà ni yóò sì gbé ẹrù.

Nígbà tí ọdún yípo, Oyèéníran, ọmọ iṣẹ́ Ọláìtán, ló fẹ́ gun àpáta. Ó so okùn gba ojú fèrèsé, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọláìtán fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ kókó náà wò, ó mi orí. Gbogbo Ìsẹ́rẹ́ jáde wá wòran. Olóyè bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ki orí bọ ojú fèrèsé. Ikùn rẹ̀ há. Búsàrí ń fà á láti inú, kò lọ. Àṣàbí ló jáde láàárín èrò, tó fi ọwọ́ méjèèjì tì í nídìí títí ó fi wọlé. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó padà sí àyè rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Títí di òní, bí ẹnì kan ní Ìsẹ́rẹ́ bá fẹ́ fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu nítorí iyì tirẹ̀, òwe tí àwọn àgbà ń pa fún un nìyí: ẹni tí yóò ṣubú lé tìmùtìmù ni í so okùn rẹ̀.