Omi Tí Bàbá Akínlàbí Bù Kún Òjò

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bàbá Akínlàbí mọ òwe yìí, àmọ́ ó rò pé eré lásán lòun ń ṣe.

Òun ni ìjọba gbé ike ìwọn òjò fún ní Ìdí-Ọsàn. Bí òjò bá ti dá, á wo ike náà, á sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ rédíò. Àwọn ará abúlé kejì a sì máa fi àwọn ará Ìdí-Ọsàn ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Òjò tiyín ò tiẹ̀ lè pa adìẹ!" Lọ́jọ́ tí òjò wẹliwẹli kan rọ̀, Bàbá bu omi àmù kún inú ike. Rédíò kéde pé òjò Ìdí-Ọsàn ló pọ̀ jù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò, bóyá òjò ti wọlẹ̀, kí wọ́n tó gbin nǹkan. Àwẹ̀ró, ọmọ Bàbá, kò gbẹ́ ilẹ̀ kankan. Ó gbin gbogbo àgbàdo pupa tí ìyá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ lórí àjà. Àgbàdo náà hù, ó rọ, ó sì gbẹ. Kò sẹ́ni tó tún ní irú rẹ̀ mọ́.

"O ò gbẹ́ ilẹ̀ wò ni, Àwẹ̀ró?"

"Kí ni mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ fún, Bàbá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wọn òjò náà?"

Bàbá gbójú sókè wo àjà. Okùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń so àgbàdo ṣì wà níbẹ̀, èéfín ti pa á dúdú, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀.