Ẹ̀rọ-Ayò Tuntun Olóyè Fágbohùn

Olóyè Fágbohùn ra ẹ̀rọ-ayò tuntun olówó gọbọi, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti ta géèmù, ó sì pàṣẹ fún ayálégbé rẹ̀, Àríyìíkẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ-ayò àlòkù pawó nínú ìsọ̀ rẹ̀, pé: "Ẹ̀rọ tí kò bá lè gba ayò ẹnì kejì yóò jáde nínú ìsọ̀ yìí." Olóyè sì mọ̀ pé wọn kò ṣe ayò ẹ̀rọ tuntun òun fún ẹ̀rọ àtijọ́ rárá. Àríyìíkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní: "Mo gbà, bàbá, ṣùgbọ́n àgbà ni í kọ́kọ́ bu òkèlè," ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo pẹlẹbẹ tí ayò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún un. Olóyè yí ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ihò tí àwo lè gbà wọlé. "Àwọn tó tà á fún mi ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ihò àwo," ló wí, ni àwọn òǹtayò tó wà nínú ìsọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Àríyìíkẹ́ ní: "Ṣé kí n bá yín gbé e jáde ni, bàbá?" Olóyè náà rẹ́rìn-ín: "Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ ọmọ yìí! Ìsọ̀ yìí gba ẹ̀rọ méjì."